Afẹ́fẹ́ ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè: ìdáhùn fún ẹni tó wá ẹja àkùkọ lọ sí Baja tí kò rí i

Àbúrò kan tó ń gbé ní Houston ló kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kìíní, mo sì wọ bàálù lọ sí Los Barriles, ní Baja California Sur, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nítorí ẹja àkùkọ, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní roosterfish. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́. Nínú ọjọ́ méje tí mo lò, márùn-ún ni atẹ́gùn fi fẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ gbé mi lọ. N kò rí ẹja àkùkọ kankan. Ṣé ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n ni, àbí irọ́ ni wọ́n ń pa nípa etíkun yẹn? Mo ṣì ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ lò kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ìgbà wo ni kí n padà lọ?"

Kú ìrìnàjò, kú ìnáwó. Ọwọ́ rẹ kò lẹ́bi, wọn kò sì parọ́ fún ọ. Ooru ara rẹ ni o wò kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, o kò wo ooru omi, o kò sì bi afẹ́fẹ́ léèrè. Ní oṣù kìíní, oòrùn Los Barriles máa ń dùn mọ́ni lára, ojú ọ̀run a mọ́ kedere, èèyàn a wọ ṣòkòtò péńpé kiri. Ẹni tó bá ń ti òtútù bọ̀ yóò rò pé gbogbo nǹkan ti gbóná tán. Ṣùgbọ́n omi tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ lásìkò náà kò ju nǹkan bí 20 tàbí 21°C lọ. Ẹja àkùkọ ńlá kì í bá irú omi bẹ́ẹ̀ wá sí etí iyanrìn. Ìgbà tí omi bá ti kọjá 24°C ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀.

Kí àwọn tó ń kà á tí wọn kò mọ irú ìpẹja yìí lè bá wa lọ: ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní fly, fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo ju ìyẹ́ adìẹ lọ. Ìyẹ́, irun ẹran àti òwú dídán la máa ń dì mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ ẹja kékeré. Ohun tí kò wúwo kò sì ṣeé jù bí òkò. Okùn tó nípọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ní ìwúwo. Okùn yẹn la máa ń fi ọ̀pá nà sẹ́yìn, nà síwájú, lókè orí wa, kí a tó jọ̀wọ́ rẹ̀ sórí omi. Atẹ́gùn tí ẹni tó so òjé mọ́ ìwọ̀ rẹ̀ kò ní kà sí, ó lè ba odindi ọjọ́ tiwa jẹ́.

Atẹ́gùn tó lé ọ wálé yẹn lórúkọ. El Norte ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, nítorí àríwá ló ti ń wá. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló ń jọba. Èmi tí wọ́n bí sí Badagry, ọyẹ́ ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Bí ọyẹ́ ṣe ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà sọ̀kalẹ̀ wá bá wa ní àsìkò kan náà nínú ọdún, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń kóra jọ sórí aṣálẹ̀ gíga ní Nevada àti Utah. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Bó bá ti pọ̀ tó, yóò wá ibi tí yóò dà sí. Òkun Cortez sì rèé, tóóró, ó gùn ju kìlómítà 1,000 lọ, òkè Baja lọ́tùn-ún, òkè ilẹ̀ Mẹ́síkò tó kù lósì bí èèyàn bá kọjú sí gúúsù. Ọ̀nà tóóró yẹn ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà sáré wá sí gúúsù, tó ń gbé ìgbì dìde bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó bá fi máa dé Los Barriles, òun àti ìgbì rẹ̀ ti jọ dàgbà.

O ti ní láti rí àwọn tó so aṣọ ńlá bí abùradà mọ́ra, tí atẹ́gùn ń wọ́ wọn lórí omi. El Norte ni àwọn yẹn bá wá. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá nítorí rẹ̀ ní oṣù tí o lọ gan-an, sí Los Barriles àti sí La Ventana. Etíkun ti sọ fún ọ ẹni tó ń gbà lálejò lásìkò náà, a kò kàn tíì kọ́ ọ lédè rẹ̀ ni.

San Diego ni mo ń gbé, mo sì ní àmì kan tí mo fi ń mọ̀ pé El Norte ti dìde kí n tó ṣí fóònù wò. Tí atẹ́gùn gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Santa Ana bá ti aṣálẹ̀ fẹ́ dé àdúgbò wa, tí ètè ń là, tí ilẹ̀kùn ń gbá, mo mọ̀ pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, omi Los Barriles yóò ti funfun. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tútù tó jókòó sórí Nevada. Santa Ana kò lè dé Houston, ṣùgbọ́n o lè rí ìyá rẹ̀ lórí àwòrán ojú ọjọ́. Má wo Baja. Wo Nevada àti Utah. Bí o bá rí lẹ́tà H ńlá níbẹ̀, àmì ibi tí afẹ́fẹ́ tó wúwo ti kóra jọ, wo àwọn ìlà tó yí i ká: bí wọ́n bá ṣe fún mọ́ra tó ni atẹ́gùn náà yóò ṣe le tó. Tí wọ́n bá jìnnà síra wọn, ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀.

Oṣù kìíní kò ṣófo pátápátá o. Sierra wà níbẹ̀, ìran ẹja Titus tí gbogbo wa mọ̀ lọ́jà, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àmì róbótó aláwọ̀ wúrà lára, tí eyín rẹ̀ mú bí abẹ. Òun kò kórìíra omi tútù. Ká ní o jí ní ìdájí kí atẹ́gùn tó dìde, kí o wá ibi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú omi tó sì bo ọ́ láti ìhà àríwá, kí o fi wáyà kékeré kan sí iwájú ìwọ̀ kó má baà gé e, ìwọ náà ì bá fọwọ́ kan ẹja. Ṣùgbọ́n sierra kọ́ lo tìtorí rẹ̀ lọ.

Ẹja àkùkọ lo bá lọ, mo sì mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Nematistius pectoralis lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Pez gallo ni àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ẹja àkùkọ. Láti gúúsù California títí dé Peru ló ń gbé, kò sí nínú Àtìláńtíìkì tiwa rárá. Ẹ̀gún gígùn méje ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò bínú, inú ihò tóóró kan lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pa wọ́n mọ́ sí, ṣùgbọ́n tó bá ti ń lé oúnjẹ, á gbé wọn nàró bí ogbe orí àkùkọ tó fẹ́ jà. Èyí tó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé tó kìlógíráàmù 51, La Paz ni wọ́n ti mú un ní ọdún 1960, láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni kò tíì mú èyí tó jù ú lọ. Láti orí iyanrìn, pẹ̀lú ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́, èyí tó bá tó kìlógíráàmù 10 ti tó ohun tí èèyàn yóò fi ọdún kan sọ.

Jẹ́ kí n sọ bí àsìkò rẹ̀ ṣe rí. Oṣù kẹfà ni, nítòsí La Ribera, aago mọ́kànlá àárọ̀. Omi dúró jẹ́ẹ́ bí epo nínú àwo. Lójijì ni sádìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde, tí wọ́n ń já bọ́ sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí wọ́n ń ta, tí iyanrìn gbígbóná ń lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ilẹ̀ gbígbẹ tẹ́ wọn lọ́rùn ju ohun tó wà lẹ́yìn wọn lọ. Mo gbójú sókè, mo rí ogbe náà: ẹ̀gún méje tó yọ lójú omi, tó ń là á bí ọ̀bẹ, kò sì jìn sí mi ju mítà mẹ́rin lọ. Nígbà tí ìgbì fà sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ hàn, pẹ̀lú ìlà dúdú tó tẹ̀ kọrọdọ láti èjìká títí dé ìdí ìrù. Mo na okùn. Ìwọ̀ bọ́ síwájú rẹ̀. Mo ki ọ̀pá bọ abíyá, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kíákíá. Ó tẹ̀ lé e. Ó wọ ibi tí omi kò bo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ó wo ìwọ̀ náà láti ibi tí n bá ti fọwọ́ kàn án, ó yí ara padà, ó lọ.

Bí ọ̀pọ̀ ìgbà ṣe máa ń rí nìyẹn, àbúrò mi. Nínú mẹ́wàá tó bá tẹ̀ lé ìwọ̀ mi, mo ka ara mi sí ẹni tó rí ojúrere bí méjì bá gbé e. Mo ń sọ èyí kí o má baà dé ibẹ̀ ní àsìkò tó dára jù, kí ẹja kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí o tún wá rò pé ọwọ́ rẹ ni. Ohun méjì péré ló wà lọ́wọ́ rẹ. Àkọ́kọ́, má dáwọ́ fífà dúró, nítorí ẹja kékeré tó ń sá fún ikú kì í dúró sinmi. Èkejì, tó bá gbé e, má gbé ọ̀pá sókè bí ẹni tó ń pẹja lódò. Fi ọwọ́ tó di okùn mú fà á gbọnrangandan títí ìwọ̀ yóò fi wọlé. Gbígbé ọ̀pá sókè ti gba ẹja lọ́wọ́ èèyàn ju eyín ẹja lọ.

Wàá rí i pé mo ní aago mọ́kànlá, n kò sọ pé ìdájí. Etíkun tí wọ́n ń pè ní East Cape yìí kọjú sí ìlà oòrùn. Láti àfẹ̀mọ́jú títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, oòrùn ń wo ojú rẹ tààrà, ojú omi ń dán bí dígí, kò sí ohun tí o lè rí nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti gòkè tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sẹ́yìn rẹ, omi a ṣí sílẹ̀ fún ọ bí ilẹ̀kùn. Wàá rí iyanrìn ìsàlẹ̀, wàá rí ibi tó ti dà gẹ̀rẹ́ sínú ibú, wàá sì rí òjìji tó ń rìn létí ibú náà. Mo ti rí àwọn tó jí ní aago mẹ́rin, tí wọ́n fi okun gbogbo ju okùn sínú omi tí wọn kò lè rí inú rẹ̀, tó rẹ̀ wọ́n ní aago mẹ́wàá, tí wọ́n sì lọ sùn ní àkókò tí ẹja ń jáde sí gbangba. Àárín aago mẹ́wàá sí méjì ni tèmi. Awò ojú tó ń pa dídán omi kì í ṣe oge níbẹ̀, bí o kò bá ní in, má wulẹ̀ lọ. Wọ bàtà pẹ̀lú. Iyanrìn oṣù kẹfà ń jóni lẹ́sẹ̀, bí o bá sì wọ inú omi, máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí ẹja olóró tó ń fara pamọ́ sábẹ́ iyanrìn lè gbọ́ kó sì kúrò lọ́nà.

Ní àsìkò yẹn, atẹ́gùn gúúsù ló máa ń dìde ní ọ̀sán. Kì í le bí El Norte, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí o fetí sí èyí dáadáa. Bí o bá kọjú sí òkun níbẹ̀, àríwá wà lósì rẹ, gúúsù sì wà lọ́tùn-ún. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju okùn, tí atẹ́gùn wá ń fẹ́ láti ọ̀tún, ara rẹ̀ ni atẹ́gùn ń ti ìwọ̀ lọ bá. Ìwọ̀ ti wọ ẹ̀yìn etí mi rí nípa báyìí. Ohun tó yọ mí ni pé mo ti fi ẹ̀mú tẹ ìgún kékeré ẹnu ìwọ̀ náà pẹlẹbẹ kí n tó so ó, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí atẹ́gùn bá ti yí sí gúúsù, mo máa ń kẹ̀yìn sí òkun, mo ń na okùn síwájú sí ìhà ilẹ̀, mo sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú omi nígbà tó bá ń nà sẹ́yìn. Nígbà náà ìwọ̀ yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kò ti lè gbé e wá bá ọ. Lọ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ ọ ní pápá tó súnmọ́ ilé rẹ. Yóò wúlò fún ọ ju kí o máa jù ú jìnnà lọ, torí ẹja yìí ń bọ̀ ní mítà márùn-ún sí 15.

Ìgbì ni ọ̀rọ̀ kejì lẹ́yìn afẹ́fẹ́, òun ló sì ń tan àwọn àlejò jù. Nígbà tí oòrùn ń mú ní Baja, òtútù ló wà ní ìsàlẹ̀ ayé, ìjì sì ń jà nínú òkun tó súnmọ́ Antarctica. Ìgbì tí ìjì yẹn bí lè rìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé Mẹ́síkò. Wàá dé etíkun, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ewé kò mì, síbẹ̀ omi ń ya lu iyanrìn gbàù, ó ń gbọn erùpẹ̀ sókè, ó ń dì okùn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Nínú ìròyìn ìgbì, má wo gíga nìkan, wo iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì. Bí ó bá ti tó 14 sókè, tó sì ń ti gúúsù bọ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju gíga rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, má lọ sí ìhà San José del Cabo tàbí Los Frailes, nítorí ojú wọn kọ sí i. Máa lọ sí àríwá. Los Barriles fúnra rẹ̀ wà nínú Bahía de Las Palmas, ilẹ̀ tó yọrí síwájú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dá ìgbì gúúsù dúró. Ibi kan náà tí El Norte ti fìyà jẹ ọ́ ní oṣù kìíní ni yóò fi ọ́ pamọ́ ní oṣù kẹfà.

Ti kíkún àti fífà omi, má jẹ́ kó gba oorun lójú rẹ. Lókè pátápátá, nítòsí ẹnu odò Colorado, omi lè ga ju mítà 6 lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ níbi tí ò ń lọ, kì í sábà tó mítà 2. Omi tó ń rìn sàn ju omi tó dúró lọ, ó parí.

Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé ẹnì kan gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o dúró ní Todos Santos nítorí pé ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kejì ilẹ̀ ló wà, ojú òkun Pàsífíìkì gan-an, níbi tí omi tútù ti ń ti California ṣàn wá. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun yẹn ń ti omi òkè kúrò nílẹ̀, omi tútù láti ìsàlẹ̀ ibú á sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀. O lè wẹ̀ láàárọ̀ ní Los Barriles nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí o wakọ̀ bí wákàtí méjì, kí o kan ẹsẹ̀ bọ omi Todos Santos, kí o fò jáde.

Cabo Pulmo náà wà lójú ọ̀nà rẹ. Lọ wò ó, ṣùgbọ́n má ju ìwọ̀ síbẹ̀. Láti 1995 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìjọba. Àwọn apẹja ìlú náà fúnra wọn ló béèrè fún un, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé láàárín 1999 sí 2009, ìwúwo gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ lé ní ìpín 460 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo gbà pé nínú ẹja tí à ń lé lójú iyanrìn níta ààlà rẹ̀, àwọn kan ti ibẹ̀ jáde wá. Òfin Mẹ́síkò pẹ̀lú ti ya ẹja àkùkọ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi ìpẹja ṣeré, wọn kò gbà kí wọ́n pa á tà láàárín 50 máìlì òkun sí etíkun. Tí o bá mú un, má gbé e kúrò nínú omi pẹ́. Di ìdí ìrù rẹ̀ mú, kọjú rẹ̀ sí ìgbì, dúró títí yóò fi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ.

Ó wá ku ọjọ́ tí wàá lọ. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta oṣù kẹfà. El Norte ti kú, omi ti tó 25 tàbí 26°C, ìjì ńlá kò sì tíì wọ́pọ̀. Bí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò bá gbà, ìparí oṣù karùn-ún, lẹ́yìn náà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Má fi í sí oṣù kẹsàn-án nítorí pé ibẹ̀ ni ìsinmi rẹ parí sí. Omi yóò gbóná dáadáa nígbà náà, 29 tàbí 30°C, ṣùgbọ́n ooru yẹn gan-an ni oúnjẹ ìjì. Ìjì ńlá tí wọ́n pè ní Odile dé Cabo San Lucas ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó tó kìlómítà 200 ní wákàtí kan, ó ba pápá ọkọ̀ òfurufú jẹ́, ọ̀pọ̀ àlejò sì há síbẹ̀. Kódà òjò lásán, tí kò tó ìjì, a máa mú kí àwọn ojú odò gbígbẹ ibẹ̀ ṣàn, wọ́n á da ẹrẹ̀ sínú òkun, omi á sì dúdú fún ọjọ́ púpọ̀.

Má sì gbẹ́kẹ̀ lé kàlẹ́ńdà nìkan. Ní ọdún El Niño, ìyẹn ọdún tí ojú omi Pàsífíìkì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bí 1997 àti 2015, omi gbígbóná ń tètè dé, ó sì ń gòkè jìnnà. Ní ọdún La Niña, tí omi náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè pẹ́. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, máa wo àwòrán ooru ojú omi tí sátẹ́láìtì ń yà, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá rí i pé láti La Paz dé Cabo Pulmo ṣì wà ní 22°C, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ sì ṣeé sún, sún un.

Mú ọ̀pá méjì, nọ́ńbà 9 àti nọ́ńbà 10 (nọ́ńbà náà ló ń sọ bí okùn tí ọ̀pá lè jù ṣe wúwo tó), torí pé ọ̀kan lè ṣẹ́ sínú mọ́tò kó tó kan omi. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kọjú sí òkun, ya fọ́tò omi láti ẹsẹ̀ rẹ títí dé ibi tó ti ń dúdú, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá ti rí àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ìgbì ti ń fọ́, n ó sọ fún ọ bóyá kí o rìn sí àríwá tàbí gúúsù.